Ó Ti Jáde Ní ICU, Ṣùgbọ́n Kò Tíì Délé

Ẹ bá mi fa àga súnmọ́ rédíò díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ó lè kan ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ọ̀fìnkìn líle gbé dé ẹnu ọ̀nà ikú ni, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní influẹ́ńsà. Wọ́n gbé wọn lọ sí ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù, ẹ̀rọ bá wọn mí, Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí wọn sí. Wọ́n padà wálé. Ará ilé jó, ará ilé yọ̀. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́yìn ìyẹn? Báwo ni ayé wọn ṣe ń rí ní oṣù mẹ́ta, ní ọdún kan, ní ọdún márùn-ún? Ìdáhùn tí mo mú wá fún yín kò gùn: ẹni náà ti jáde ní ICU, ṣùgbọ́n kò tíì délé. Ọdún tó tẹ̀lé ICU, ara ìtọ́jú náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan tó ṣeé ṣe kó wà lọ́kàn yín. Ṣé ọ̀fìnkìn náà ló ń gbé ènìyàn dé ICU? Kì í ṣe ọ̀fìnkìn kékeré tó ń mú wa sín, tí imú ń dí, tó sì ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Influẹ́ńsà yàtọ̀. Òjijì ló máa ń dé. Ènìyàn á jí lọ sóko láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ara rẹ̀ á ti gbóná janjan, orí á máa fọ́ ọ, gbogbo oríkèé á máa ro ó, ikọ́ gbígbẹ á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mìíràn, pàápàá aláboyún, àgbàlagbà, ọmọ ọwọ́, àti àwọn tó ti ní ikọ́ fée, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn tàbí fòníkú-fọ̀ladìde tẹ́lẹ̀, kòkòrò náà máa ń sọ̀kalẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn àpò wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí omi bá ti kún inú àwọn àpò yẹn, ènìyàn á máa mí gúlegúle, síbẹ̀ atẹ́gùn kò ní dé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó.

Wàhálà wa ní agbègbè Ìbàdàn yìí ni pé gbogbo ara gbígbóná la ń pè ní ibà. A ó ra oògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísíìtì, a ó lò ó, a ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí a ó bá fi ronú kan ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá, ètè aláìsàn ti ń dúdú.

Àìsàn yìí kì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Bida gbé e dé èbúté Èkó. Láti Èkó, ó bá àwọn èrò wọ ọkọ̀ ojú irin, ó sì gba ojú irin wọ ilẹ̀ Yorùbá títí dé òkè ọya. Ojú irin tó gba Lálúpọn kọjá ti wà nígbà náà. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló bá a lọ ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀.

Àwọn tó kú la sábà máa ń kà. Ṣùgbọ́n òpìtàn kan, Don Ohadike, wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣẹ́kù. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tó gbé jáde ní 1981 lórí àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò Ọya, ó ṣàlàyé pé àìsàn náà pa àwọn tó lágbára láti ṣiṣẹ́, ó sì fi ọ̀pọ̀ àwọn tó kù sílẹ̀ láìlágbára. Iṣẹ́ iṣu kò ṣeé ṣe bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ó ní ìyẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n gba gbágùúdá tọwọ́ tẹsẹ̀, nítorí gbágùúdá kì í béèrè agbára tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè dúró de àgbẹ̀ nínú ilẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ ronú sí i. Àìlera lẹ́yìn àìsàn lè lágbára débi tí yóò fi yí ohun tí odindi agbègbè ń gbìn padà. Kò sì sí ICU kankan nígbà náà.

Nígbà wo ni ICU wá dé? Ìlú Copenhagen, ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń jà níbẹ̀, àwọn aláìsàn kò lè mí. Dókítà kan tó ń jẹ́ Bjørn Ibsen ní kí wọ́n ki rọ́bà sí ọ̀nà ọ̀fun wọn, kí wọ́n sì máa fọwọ́ fún àpò atẹ́gùn tí wọ́n so mọ́ ọn, kí àyà lè máa gbé sókè, kó máa sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rọ kò sí nílẹ̀ tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń jókòó ti ibùsùn tọ̀sán tòru, tí wọ́n ń fún àpò náà, tí ọwọ́ bá ro ẹnìkan kí ẹlòmíràn gbà á. Ọ̀pọ̀ tí ì bá ti kú ló yè. Ọdún 1952 yẹn náà ni òfin tó dá UCH wa sílẹ̀ jáde ní Ìbàdàn, nígbà tó sì di 1957 wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn.

Láti ìgbà náà, ohun tí àwọn dókítà ń kà ni pé: mélòó ló kú, mélòó ló yè? Ó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé: ẹni tó yè yìí, irú ayé wo ló ń gbé? Ọdún 2010 ni àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà tó péjọ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fún ìyọnu tó ń tẹ̀yìn ICU yọ yìí lórúkọ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún pè é ní ọ̀lẹ tàbí àṣejù. Wọ́n ní ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà yọjú: ó lè jẹ́ nínú ara, ó lè jẹ́ nínú làákàyè, ó lè jẹ́ nínú ọkàn. Wọ́n tún sọ pé ó máa ń kan àwọn ẹbí aláìsàn pàápàá.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká sọ pé ìyá tó ń yan gààrí ni, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìyànà Ọfà. Influẹ́ńsà mú un, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ICU, ó ti padà délé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tó délé, ó ní òun fẹ́ lọ wo ìdí ààrò òun. Ó jókòó lórí àpótí, ó mú igbá tó fi ń da gààrí, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbé igbá kalẹ̀. Ó fẹ́ dìde lórí àpótí, orúnkún kò gbé e. Ọmọ rẹ̀ méjì ló fà á ní apá kó tó lè nàró. Láti ìdí ààrò dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó fọwọ́ ti ògiri, ó ń wá èémí. Aládùúgbò kan tó ń wò ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣebí wọ́n ní ara ìyá yìí ti yá? Kí ló tún dé?"

Kí ló dé lóòótọ́? Ṣé àìsàn náà ló padà? Rárá. Ṣé ó ń ṣe ọ̀lẹ ni? Rárá o. Nígbà tí ènìyàn bá wà lábẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n fún un ní oògùn oorun kó má bàa fa rọ́bà yọ, kò ní lè mira. Àìsàn náà sì ń gbóná nínú rẹ̀. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan ara rẹ̀. Àwọn olùwádìí kan ní London wọn iṣan itan àwọn aláìsàn ICU. Láàárín ọjọ́ 10 péré, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́fà iṣan náà tó ti lọ. Ọjọ́ 10! Ẹni tó wá lò ju bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí orúnkún ìyá yẹn kò fi gbé e.

Ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Margaret Herridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé àwọn tó yè nínú àìsàn ẹ̀dọ̀fóró líle fún ọdún márùn-ún. Wọn kì í ṣe arúgbó. Nígbà tí ọdún kan pé, nǹkan bí ìdajì wọn ló ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sípò, àìlágbára iṣan ló ṣẹ́kù. Nígbà tí ọdún márùn-ún pé, ọ̀pọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà kò tíì tó ti ẹgbẹ́ wọn.

Influẹ́ńsà gan-an ńkọ́? Ní 2009, irú influẹ́ńsà tuntun kan tí wọ́n ń pè ní H1N1 ja gbogbo ayé. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni àjọ ìlera àgbáyé kéde rẹ̀ pé ó ti di àjàkálẹ̀ àrùn. Àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé wo àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán ní ICU nígbà náà, wọ́n tún wò wọ́n lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ̀dọ̀fóró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dára, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí èémí ń gé mọ́ lọ́wọ́ tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ agbára. Ìbẹ̀rù àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì ń bá àwọn kan fínra. Nítorí náà, mo tún sọ ọ́: wọ́n ti jáde, ṣùgbọ́n wọn kò tíì délé.

Ẹ̀yin ará Olódó, ẹ kò ní gbàgbé 2020. Ibùdó ìtọ́jú àrùn àkóràn ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, nígbà tí kòrónà dé. Lórí rédíò, a máa ń gbọ́ iye àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, inú wa á dùn. Ìròyìn kì í tẹ̀lé wọn wọlé láti wo bí wọ́n ṣe ń sùn. Kòrónà àti influẹ́ńsà kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé ènìyàn dé ICU, ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lára rẹ̀ jọra púpọ̀.

Èyí tó kan làákàyè àti ọkàn ni mo fẹ́ ká dúró lé dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń ṣìwà hù sí àwọn ènìyàn wa jù.

Nínú ICU, iná kì í kú. Ẹ̀rọ ń dún tọ̀sán tòru. Atẹ́gùn tó ń dé ọpọlọ kò tó fún ìgbà kan, oògùn oorun sì wà lára. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló máa ń ṣèrànrán níbẹ̀. Ẹlòmíràn á rí òkú bàbá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ ibùsùn. Ẹlòmíràn á gbà pé àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ pa òun. Bó bá padà délé, ìran yẹn lè máa tẹ̀lé e. Á máa ta jí lóru, á máa làágùn. Bí ẹ̀rọ ọlọ kan bá dún lójijì, àyà rẹ̀ á já. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrántí. Ìyá tó ń ṣírò owó gààrí láìlo bírò tẹ́lẹ̀ á gba owó, á gbàgbé ṣéńjì, á tún béèrè owó tí wọ́n ti san. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2013 fi hàn pé ọdún kan lẹ́yìn ICU, bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aláìsàn ni ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n ti ẹni tó fi orí gbá nínú ìjàǹbá. Kì í ṣe àwọn arúgbó nìkan, àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀.

Kí ni àwa ń sọ nígbà tí a bá rí èyí? A ń sọ pé ayé ló ń ṣe é. A ń sọ pé àsàsí ni, tàbí pé ẹ̀mí òkú tẹ̀lé e wálé láti ilé ìwòsàn. Mo ní ọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ olúkúlùkù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Mo mọ ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Wọ́n á fura sí ìyàwó, wọ́n á fura sí ìyá ọkọ. Wọ́n á gbé ẹni tí kò lè dìde fúnra rẹ̀ lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, wọ́n á sì ní kó pa oògùn rẹ̀ tì. Ẹ gbàdúrà o, ẹ gbà á kíkankíkan, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní kí alùfáà wá sílé wá gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ebi kún àìlera ẹni tí iṣan rẹ̀ ti gbẹ, ẹ má sì po àgbo mọ́ oògùn ilé ìwòsàn láìjẹ́ pé dókítà mọ̀.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí ẹ tó gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn ni ìmúrasílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè fún ìwé tó sọ orúkọ àìsàn náà, iye ọjọ́ tó lò lábẹ́ ẹ̀rọ, oògùn tó ń lò àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ padà wá. Ẹ ní kí àwọn tó ń ṣe físíò kọ́ ẹnìkan nínú ilé ní ohun tí aláìsàn yóò máa ṣe. Ẹ má tijú láti béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Nílé, ẹ kọ́kọ́ wo àga àti ṣáláńgá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣáláńgá. Ẹni tí itan rẹ̀ ti gbẹ kò lè lóṣòó kó tún dìde, tí kò bá sì sí ẹni nítòsí, ó lè ṣubú síbẹ̀. Ẹ ní kí káfíńtà gé ihò sí àárín àga onígi kan, kí ẹ gbé e lé orí ihò ṣáláńgá. Àpótí kékeré ìdí ààrò, ẹ gbé e tì fún ìgbà díẹ̀. Àga tó ga ni kó máa jókòó lé, kó sì fara ti ògiri kó má bàa yí. Lórí àga yẹn náà ni ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Kó dìde, kó jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta nírọ̀lẹ́. Bí ìyẹn bá ti rọrùn, kó fi kún un. Lẹ́yìn náà kó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi máńgòrò, kó sinmi, kó padà. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bó bá ti pọ̀ jù? Ẹ bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn. Bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìdúró mí, kó jókòó. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ara ẹni tó jáde ní ICU dà bí oko tí igbó bò nígbà tí olóko kò sí nílé. Ilẹ̀ náà kò sọnù, wọ́n ní láti tún un ro ni.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ẹ̀kọ mímu nìkan la sábà máa ń fún olójòjò. Ẹ̀kọ dára, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ iṣan. Ẹ̀wà ló ń kọ́ iṣan, mọ́ínmọ́ín, ẹja, ẹyin, wàrà. Gbẹ̀gìrì tí ẹ fi ń jẹ àmàlà, oúnjẹ gidi ni fún un. Díẹ̀ ni kó máa jẹ, kó jẹ ẹ́ nígbà púpọ̀. Ẹni tí dókítà ti ní kó ṣọ́ oúnjẹ nítorí àtọ̀gbẹ tàbí kíndìnrín, ti dókítà ni kó tẹ̀lé. Ẹ tún kíyè sí ọ̀fun rẹ̀. Rọ́bà ti wà níbẹ̀ pẹ́, ohùn rẹ̀ lè há. Bí omi bá ń pá a lórí nígbà gbogbo tó bá ń mu ún, ẹ jẹ́ kó jókòó dáadáa kó tó mu, kí ẹ sì sọ fún dókítà.

Fún ọkàn rẹ̀, ìtàn ni oògùn tó kọ́kọ́ yẹ kó lò. Ọ̀pọ̀ wọn kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ìran tí wọ́n rí nìkan ló kù lọ́kàn wọn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi Dẹ́ńmáàkì àti Sweden, àwọn nọ́ọ̀sì ICU máa ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú ìwé kan, wọ́n á sì fún aláìsàn nígbà tó bá lọ sílé. Àwa náà lè ṣe é. Ìwé ọmọ ilé ìwé kan tó. Kí ọmọ tó bá mọ̀wé nínú ilé kọ ọ́ pé: lónìí, ojú ìyá là, ó fún ọwọ́ àbúrò rẹ̀, lónìí, wọ́n yọ rọ́bà, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Bó bá padà délé tó ń sọ pé wọ́n fẹ́ pa òun, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣí ìwé náà, kí ẹ kà á fún un.

Ẹ jẹ́ ká má gbàgbé ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ìyàwó tó sun orí ẹní ní ọgbà ilé ìwòsàn, tí àyà rẹ̀ ń já ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ ọkọ rẹ̀, òun náà ti jagun. Owó àjọ ti lọ. Owó kọ́párétíìfù ti wọ̀ ọ́. Wọ́n ti lè gba owó lórí kòkó tí kò tíì pọ́n. Kí ẹlòmíràn nínú ẹbí máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kó lè sùn. Àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń pè ní OYSHIA, wà. Ìgbà tí ara bá le ni kí ẹ lọ béèrè ohun tó ń san owó rẹ̀ àti ohun tí kò san, kó má jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn lẹ ó ti máa béèrè.

Iṣẹ́ oko ńkọ́? Ìbéèrè tó ń ká àwọn àgbẹ̀ lára jù nìyí, nítorí òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní tèmi o, àwọn baba wa ti dá a lóhùn kí ICU tó dé ayé. Wọ́n fi àáró àti ọ̀wẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Kí ẹgbẹ́ àáró rẹ̀ ṣe oko rẹ̀ fún àsìkò kan gbáko, láìretí kó san án padà lọ́dún yẹn. Òun náà kì í ṣe ẹrù. Ó lè jókòó yọ àgbàdo, ó lè bẹ gbágùúdá, ó lè máa kọ iye àpò tó wọlé. Ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí èéfín ìdí ààrò gààrí, sí oko tí wọ́n ń sun, àti sí oògùn apakoríko tí wọ́n ń fọ́n, nítorí ẹ̀dọ̀fóró tó ń bọ̀ sípò kò fẹ́ wọn. Ìyá tó ń yan gààrí yẹn lè wà ní ẹnu ọ̀nà, kó máa wọn gààrí tà, kí ọmọ rẹ̀ wà ní ìdí iná. Kí ọmọ kan sì máa wo owó pẹ̀lú rẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, láìsọ fún oníbàárà pé ìyá òun ti ń gbàgbé.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń ṣe ìjọba. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ físíò. Ìlú wa ni wọ́n ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gbé ní Ìjàyè tàbí lẹ́yìn Akànràn ní láti wọ ọ̀kadà, kó tún wọ bọ́ọ̀sì, kó tó rí ẹni tí yóò kọ́ ọ bí yóò ṣe tún ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹsẹ̀ tí kò gbé e dé ẹnu ọ̀nà ni yóò fi dúró de bọ́ọ̀sì. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ tí oníṣẹ́ físíò bá ń jókòó sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Mọ́níyà, ní Ìyànà Ọfà, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Akànràn, yóò gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ òṣì. Ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, ṣùgbọ́n èyí tí a bá lè dènà, ẹ jẹ́ ká dènà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára influẹ́ńsà wà, ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á. Kò sí lára àjẹsára ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ wa, nítorí náà ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ńlá tàbí ilé oògùn ńlá, pàápàá ẹ̀yin aláboyún, ẹ̀yin àgbàlagbà, àti ẹni tó ti jáde ní ICU fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ, ẹ rántí 2006 tí àrùn adìyẹ tó léwu wọ Nàìjíríà láti Kàdúná, àti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007 tí ìjọba kéde pé ó ti pa obìnrin kan ní Èkó. Influẹ́ńsà ni òun náà. Bí adìyẹ bá ń kú lọ́pọ̀ lójijì, ẹ má pa á jẹ, ẹ má tà á. Ẹ pe dókítà ẹran.

Kí n tó lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbọ́dọ̀ mú yín sáré. Ẹni tó ti ICU dé, bí èémí bá ń gé e nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ sáré. Bí ara rẹ̀ bá tún gbóná, tí ikọ́ tún bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ń wú ẹ̀jẹ̀, ẹ sáré. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá wú, tó ń ro ó, tí èkejì kò wú, ẹ má fi òróró ra á, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Bí kò bá mọ ibi tó wà mọ́ lójijì, ẹ sáré. Bó bá sì ń sọ pé ikú sàn fún òun, ẹ gbà á gbọ́, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀kan péré nínú wọn tó. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ wá ọkọ̀, kí ẹ sì mú ìwé tí wọ́n fún un nígbà tó jáde ní ICU dání, kí dókítà tí ẹ bá bá nídìí iṣẹ́ lóru lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.